Káńsù lè fún bárò ní láísẹ́ǹsì, jet ski ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n àti gbogbo agbègbè Ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ń lọ ṣe fàájì létí omi l'Ékòó, tí ẹ ń gun jet ski, tí ẹ ń ya fídíò.

Ká ní ẹnìkan gbé jet ski wá sórí odò Ọ̀sẹ̀ lọ́la, tó ń gbowó gbé yín kiri, ta ló máa sọ fún un pé kó dẹ eré?

Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní àfikún kẹrin, níbi tí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà. Káńsù láṣẹ láti fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọmọlanke àti bárò ní láísẹ́ǹsì. Bárò o! Kò dárúkọ ọkọ̀ omi tó ní ẹ́ńjìnnì.

Èkó ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. LASWA ti ìpínlẹ̀ àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ń fa ta ló yẹ kó máa fún àwọn ọlọ́kọ̀ omi ní láísẹ́ǹsì. Lọ́dún 2017, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè sẹ́yìn Èkó. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, kóòtù tó ga jù yí i padà, ó ní NIWA ló láṣẹ. Kò burú. Ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni olú iléeṣẹ́ NIWA wà. Ta ló máa ti ibẹ̀ rí ẹni tó ń sá eré níbi tí ọmọdé ti ń wẹ̀, tí apẹja na àwọ̀n rẹ̀ sí?

Ẹ rántí Junior Pope, òṣèré Nollywood. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, lórí odò Ọya, wọ́n ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ya fíìmù. Ìròyìn ní ọkọ̀ wọn kọlu ọkọ̀ apẹja. Kò wọ life jacket.

Ní Windermere, adágún tó tóbi jù ní England, wọ́n ti fi gbèdéke eré sí i láti ọdún 2005: kìlómítà bíi 18 ní wákàtí kan. Àwọn ọlọ́kọ̀ eré pariwo gan-an, wọ́n tiẹ̀ fún wọn ní ọdún márùn-ún láti múra. Òfin náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwa náà rí ọ̀nà kan, lójú tèmi. Àfikún kẹrin yẹn kan náà fún káńsù lágbára lórí ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Oníjet ski ò lè pa owó láìsí ibi ìgbafẹ́ létí odò. Kí káńsù Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ mú un níbẹ̀: kò sí life jacket, kò sí ìyàsọ́tọ̀ ibi ìwẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ ilé oúnjẹ. Kí wọ́n sì kọ̀wé sí NIWA báyìí, kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Èkó lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fetí sílẹ̀. Tí ẹ bá jáwọ́ lórí iná jet ski, ọ̀pọ̀ wọn ò ní yí mọ́. Iwájú ló máa fò lọ. Okùn kan wà tó ń pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá já bọ́. Kó wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ta á. Tí wọ́n bá ní okùn náà ti sọnù, ẹ gba owó yín padà.