Ìka Á Ta Yín, Ẹ Má Gbé Gìtá Sílẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lónìí. (Ìjọ rẹ́rìn-ín.) Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò gbà mí gbọ́. Ó dáa.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. (Ìjọ pariwo.) Ẹ má tíì pariwo, ẹ ò tíì gbọ́ bí mo ṣe ń ta á. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé gìtá yìí wá sórí pẹpẹ ni ẹ ti ń kọ lẹ́tà sí wa. Ọ̀dọ́ ń béèrè, ìyá ọlọ́mọ ń béèrè: "Pásítọ̀, mo ti lé ní 40 ọdún, ṣé kò ti pẹ́ jù?" Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ yín lónìí. Ẹni tó bá ní bírò, kó mú un jáde. Tí ẹ bá délé, ẹ ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 16. Nígbà tí ara Sọ́ọ̀lù ò balẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ò sọ pé kí wọ́n lọ wá ẹni tó gbóná wá. Ẹni tó mọ dùùrù ta ni wọ́n wá lọ. Mímọ̀ ọ́n ta yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí mo ti gbóná rí, mo sì mọ ohun tí iná mi jó.

Bàbá mi ń ta gìtá. Ẹ ò lè mọ orúkọ wọn, wọn kì í ṣe Ebenezer Obey, wọn kì í ṣe Sunny Adé. Káfíńtà ni wọ́n. Tó bá di alẹ́ Sátidé, wọ́n á gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó dànù lára, wọ́n á gbé gìtá, àwọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn á lọ ṣeré níbi ìkómọ tàbí òkú àgbà. Mo wọ yunifásítì ní 2000. Ní 2001, mo di àtúnbí. Ẹ yin Olúwa! Mo délé lọ́dún Kérésì yẹn, mo dúró ní pálọ̀, mo sọ fún bàbá tó bí mi lọ́mọ pé gìtá yẹn, Sátánì ló ni ín, àti pé níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ilé, mi ò ní jẹun níbẹ̀.

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fi aṣọ àlòkù wé gìtá náà, wọ́n gbé e sókè àjà, wọn ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọdún 21 ló fi wà níbẹ̀. Èmi rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò kà nígbà náà, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó gbé gìtá káàkiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá péré ni wọ́n fi ń ta á. Irú ìta yẹn dé Èkó, ó wọ ilé ẹlẹ́mu, ó wọ inú orin jùjú ní àwọn ọdún 1930, nígbà ayé Tunde King. I.K. Dairo tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Ebenezer Obey tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ajíhìnrere ni wọ́n dà. Igi àti okùn ni gìtá. Dùùrù tí Dáfídì ta, okùn náà ló wà lára rẹ̀. Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?

Ní 2022, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ò gbé mọ́. Ẹ̀yin olórin mọ ohun tí mo ń sọ, ọwọ́ òsì lọwọ́ tí à ń fi tẹ okùn. Mo lọ kí wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Gbé gìtá yẹn sọ̀kalẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó lọ."

Ta ni yóò ta á? Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti kú tán. Èmi tí mo lé gìtá kúrò nílé ló kù.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́ni 40 ọdún. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi fún yín kí ẹ má bàa tún un ṣe. Okùn tó wà lára rẹ̀ ti dípẹtà, mo ra tuntun, mo fi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Orí ìka mi bẹ́jẹ̀. Mo ní ìyà tó yẹ mí nìyí, mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ 3. Irọ́ ni! Gìtá tí okùn rẹ̀ le dan-indan-in fún ọdún 21 lábẹ́ páànù tó ń gbóná, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Okùn ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra gìtá, ẹ má wo bó ṣe ń dán. Ẹ wo àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀, frẹ́ẹ̀tì la ń pè é. Ẹ kà á dé orí ìkejìlá. Lórí gìtá olókùn irin, bí àlàfo tó wà láàárín okùn àti frẹ́ẹ̀tì yẹn bá fi gbogbo ara ju mìlímítà 3 lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún gìtá ṣe kí ẹ tó máa fi ìka yín jìyà. Àwọn kan á dára fún okùn ọ̀rá, ìyẹn náílọ́ọ̀nù, ó rọ ìka lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ta okùn irin sára gìtá tí wọ́n ṣe fún ọ̀rá o. Irin lágbára jù ú lọ, ó lè fa ojú igi ya. Ẹ má sì gbé gìtá sínú mọ́tò nínú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ dè é mọ́nú àpò rẹ̀, torí ọyẹ́ tó ń la ètè yín, ó ń la igi náà.

Okùn mẹ́fà ni. Èyí tó nípọn jù là ń pè ní ìkẹfà, èyí tó tín-ín-rín jù ni ìkíní. Láti orí ìkẹfà wá sísàlẹ̀, E, A, D, G, B, E. Fóònù yín lè bá yín gbọ́ bóyá ohùn wọ́n tọ̀nà, áàpù rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí iná fóònù rẹ̀ bá kú (ẹ mọ orílẹ̀-èdè wa), kó tẹ okùn kẹfà ní frẹ́ẹ̀tì 5, ohùn yẹn gan-an ló yẹ kí okùn karùn-ún ní. Karùn-ún ní frẹ́ẹ̀tì 5 fún ìkẹrin, ìkẹrin ní frẹ́ẹ̀tì 5 fún ìkẹta. Ìkẹta nìkan ló yàtọ̀, frẹ́ẹ̀tì 4 lẹ ó tẹ̀ láti rí ohùn ìkejì. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí 5. Bàbá mi ò lo áàpù. Orí ibùsùn ni wọ́n wà, tí ojú wọn dì, tí wọ́n á kàn pariwo, "Okùn kejì ti wálẹ̀!" Màmá mi á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n jẹun. Wọ́n á ní, "Kó kọ́kọ́ gbé e sókè."

Ní ti kọ́ọ̀dù, ẹ má lọ ra ìwé tó ní 1,000 kọ́ọ̀dù. Mẹ́ta ni kí ẹ mú: G, C àti D. Ẹ̀yin akọrin tí ẹ mọ tọ́níìkì sólífà, bí G bá jẹ́ do, C jẹ́ fa, D jẹ́ so. Ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí à ń kọ níbí, àwọn mẹ́ta yẹn gbé e. Bí ìka yín ò bá tíì ran, ẹ fi E kékeré bẹ̀rẹ̀, ìka méjì péré ló gbà. Ẹ tẹ okùn sí ẹ̀yìn frẹ́ẹ̀tì gan-an, kó sún mọ́ ọn, kó má ṣe wà lórí rẹ̀. Ẹ ò ní nílò agbára púpọ̀. Ìka á ta yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà awọ rẹ̀ á yi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi F onífẹ̀ dẹ́rù bà yín, èyí tí ìka kan máa ń tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò ní sá lọ.

Ìyípadà láti kọ́ọ̀dù kan sí òmíràn ló ń pa àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ wo aago, ẹ yí láti G sí C, láti C sí G fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí i. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, 4 ni mo rí. Mẹ́rin! Èmi tí mo ti gba dìgírì. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí 2 lọ́jọ́ Sátidé, torí ọwọ́ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ọwọ́ sì máa ń gbàgbé.

Àṣìṣe mi kejì ni pé bí ọwọ́ òsì mi bá ti tẹ nǹkan tì, mo máa ń dúró. Màá tún ìka tò, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin. Lọ́jọ́ kan bàbá mi lu ibùsùn. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọ̀tún kì í dúró. Bí ọwọ́ òsì bá ṣubú, jẹ́ kó ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún á máa lọ." (Ìjọ dákẹ́.) Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Ó tó oṣù 5 kí n tó lè yí G, C, D láìwo ìka mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ibùsùn, mo ń ta orin kan tí wọ́n máa ń ta nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò mọ ìlù rẹ̀. Mo gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Wọ́n sún mọ́ mi. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún tiwọn, wọ́n gbé tèmi kúrò lórí okùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ta á. Ọwọ́ òsì mi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń ta á, lórí gìtá kan náà. Màmá mi jáde láti ibi ìdáná, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìpáǹkà lọ́wọ́.

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bàámi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́dún yẹn, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Yí sí C. O ti pẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, a ó máa pàdé ní gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tí kò bá ní gìtá, kó máa bọ̀, a ní méjì níbẹ̀. Ẹ gé èékánná ọwọ́ òsì yín wá o. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.