Àwòrán Wà Níbẹ̀, Python Ò Rí I

Tó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ má wulẹ̀ máa wá bíírò kiri. Gbogbo ìlà kóòdù tí mo bá dárúkọ ló wà nínú àkọsílẹ̀ ètò yìí, ẹ lè padà wá wò ó tẹ́ ẹ bá délé.

Ọ̀rọ̀ tòní kéré lójú, àmọ́ ó ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí Python. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fi Pygame ṣe géèmù kan, danfo tó ń yẹra fún kòtò ojú títì. Lórí kọ̀ǹpútà yín, danfo ń sáré, kò síṣòro. Ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní òun lè fún yín níṣẹ́. Onítọ̀hún ṣí i, wíńdò dúdú kan yọ, ó sì pòórá lójú ẹsẹ̀. Ẹni yẹn ò ní pè yín láti bi yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Á kàn gbà pé ẹ ò mọ iṣẹ́ ni. Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó ṣe kóòdù géèmù yẹn. Àdírẹ́sì àwòrán ni ò dáa.

Ẹ wo ohun tí Python máa ń kọ síta:

FileNotFoundError: No file 'danfo.png' found in working directory '/home/user'.

Ìdajì àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn máa ń kà. Wọ́n á ní, "Irọ́ ni, fáìlì yẹn wà níbẹ̀, mò ń wò ó!" Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ìdajì kejì ni kẹ́ ẹ kà. Python ń sọ ibi tí òun dúró sí fún yín, ìyẹn fódà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwòrán. (Pygame àtijọ́ ò tiẹ̀ ní sọ tó báyìí. Á kàn ní òun ò lè ṣí i.)

Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ sọ fún ọlọ́kadà n'Ìbàdàn pé, "Ilé kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún." Láti ibo? Tó bá gbéra láti Mọ́kọ́lá, ibì kan ló máa já sí. Tó bá gbéra láti Dùgbẹ̀, ibòmíì ni. Tẹ́ ẹ bá kọ "danfo.png" lásán, ilé kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ kọ yẹn. Python ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fáìlì kóòdù yín wà, ibi tẹ́ ẹ ti pàṣẹ pé kó ṣiṣẹ́ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí géèmù kan náà fi máa ń ṣiṣẹ́ nínú IDLE, tó sì máa kọ̀ nínú VS Code. IDLE máa ń gbéra láti inú fódà tí kóòdù wà. Ní ti VS Code, fódà tẹ́ ẹ ṣí sínú ẹ̀ ló máa ń lò, ó sì lè jẹ́ fódà ńlá tó gbé fódà géèmù yín sínú.

Àwọn kan máa wá kọ àdírẹ́sì náà látòkè délẹ̀, "C:\Users\..." títí dé Desktop. Ìyẹn dáa fún kọ̀ǹpútà tiyín nìkan. Kò sí Desktop yín nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì.

Ohun tí mo máa ń lò nìyí:

from pathlib import Path
IBI = Path(__file__).resolve().parent
danfo = pygame.image.load(IBI / "aworan" / "danfo.png")

__file__ yẹn ni fáìlì kóòdù fúnra ẹ̀, parent sì ni fódà tó wà nínú ẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá gbé fódà géèmù yín lọ, ibẹ̀ náà ni ìṣirò ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Pydroid 3 kọ tiyín lórí fóònù, ẹ lè lò ó náà, ẹ kàn rí i pé ẹ ti tọ́jú fáìlì kóòdù kẹ́ ẹ tó ní kó ṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí àmì "/" yẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ "aworan\titi.png", Python máa ka \t yẹn sí àlàfo táàbù, títì yín á sì ti sọ nù. Windows gbà "/" dáadáa, ẹ lo ìyẹn. Windows tún máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́, torí náà ohun tẹ́ ẹ rí bíi danfo.png lè jẹ́ danfo.png.png. Kò sì fìyàtọ̀ sáàárín Danfo àti danfo, bẹ́ẹ̀ Linux máa fìyàtọ̀ sí i.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ tàwa ọmọ Yorùbá gan-an, mi ò sì tíì rí i kí wọ́n máa fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ sọ àwòrán yín ní ọkọ̀.png, pẹ̀lú àmì lórí àti nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú kóòdù. Python ní òun ò rí i. Ẹ wò ó títí, lẹ́tà kan ò yàtọ̀ lójú. Àmọ́ nínú kọ̀ǹpútà, ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o tí wọ́n wá fi àmì sí nísàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ti ọ̀ tún wá burú sí i, torí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì méjèèjì pa pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù fóònù yín lè kọ ọ́ lọ́nà kan, kí ti kọ̀ǹpútà kọ ọ́ lọ́nà míì. Lójú Windows àti Linux, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mac máa ń mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, torí náà ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó wá dójú tì yín níbòmíì.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ pa àmì tì o. Ẹ fi í síbi tí ẹni tó ń ta géèmù á ti kà á, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ dáadáa. Orúkọ fáìlì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní lẹ́tà kékeré lásán, oko.png. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Tó bá sì ń ṣe yín bíi pé orúkọ kan ń tàn yín, ẹ kọ èyí:

for f in (IBI / "aworan").iterdir():
    print(ascii(f.name))

Ó máa tò gbogbo ohun tó wà nínú fódà yẹn jáde, ó sì máa tú àmì kọ̀ọ̀kan sí nọ́ńbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí orúkọ tó wà nínú kóòdù náà, kẹ́ ẹ wá fi wọ́n wéra.

Tó bá jẹ́ PyInstaller lẹ fi ń di géèmù yín sínú fáìlì kan, àwòrán ò ní tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi --add-data dárúkọ fódà náà fún un. IBI wa á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ da gbogbo fódà náà kọ síbòmíì, ẹ yí orúkọ ti àkọ́kọ́ padà, kẹ́ ẹ wá jókòó sínú fódà mìíràn pátápátá pàṣẹ pé kó ṣiṣẹ́. Tí danfo bá ṣì ń sáré, ẹ lè fi ránṣẹ́. Ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà pe ohùn àti fọ́ńtì. Ó dìgbà kan ná o.