Ọkàn Tó Ń Sáré Lọ Pa Iná

Láti ọdún 1901 ni ẹ̀ka panápaná ti wà l'Ékòó, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá nígbà náà. Àwọn olùkọ́ ti fi ọgbọ́n pípa iná lé àwọn panápaná tuntun tó ń jáde lónìí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọkàn wọn ló kù.

Olùṣèwádìí Stefanos Kales àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard yẹ ikú panápaná Amẹ́ríkà lẹ́nu iṣẹ́ wò, láti 1994 sí 2004, láìka ti ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún, 39 ni àrùn iṣan ọkàn pa. Àkókò díẹ̀ ni pípa iná ń gbà nínú iṣẹ́ wọn, síbẹ̀ ìdí iná ni bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn wọ̀nyí kú sí.

Kí ló ń fà á?

Bí ìpè bá ti dún ni àyà ti ń já. Ẹ̀wù iná àti ìgò atẹ́gùn wúwo, ooru sì há sínú ẹ̀wù náà. Ní ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ìsọ̀ ti gba ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ rọ́bà omi wọlé. Ilé alájà púpọ̀, bí èyí tó jó ní ọjà Balógun lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2019, ń fẹ́ agbára gan-an. Òógùn á gbẹ omi ara, ẹ̀jẹ̀ á ki, á sì fẹ́ dì. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín, èyí tí jẹnẹrétọ̀ náà ń tú jáde, kì í rùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́ksíjìn lọ. Ọ́ksíjìn kì í wá tó ọkàn, nítorí náà ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti há láìmọ̀ lè ṣubú síbẹ̀.

Nítorí náà, kí panápaná máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò déédéé. Bó bá ń dé 140/90, dókítà ló kàn. Kó sá fún sìgá. Kí iyọ̀ òòjọ́ má ju ṣíbí tíì kan lọ, kó ka ti mágì mọ́ ọn. Bí iná bá kú tí èéfín ṣì ń rú, kó má bọ́ ìbòjú. Kó mu omi, kó sinmi kó tó padà wọlé. Àyà tó bá ń fún mọ́ra, tí ìrora rẹ̀ ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, kó má pè é ní ọgbẹ́ inú. Ilé ìwòsàn ni kó kọrí sí kíá.

Ìpín àwọn ọ̀gá náà wà níbẹ̀: àyẹ̀wò ọkàn lọ́dọọdún, àti ìsinmi tó tó fún àwọn tí ará Èkó ń pè lórí nọ́ńbà pàjáwìrì 767 àti 112. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wọn.