Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ẹsẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn aṣojú gbogbo ẹ̀ka ìjọ ní Àpéjọpọ̀ Gbogbogbòò

 

Iṣẹ́ tí a fún mi ní òwúrọ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré lójú àwọn mìíràn. Arákùnrin kan bi mí léèrè lánàá pé, "Pásítọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni ẹ fẹ́ sọ ní irú àpéjọpọ̀ ńlá báyìí?" Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a bá ń súre fún arìnrìn-àjò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ibi ire ni à ń wí. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé orí kò lè sọ fún ẹsẹ̀ pé òun kò ní í fi í ṣe. Síbẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ẹsẹ̀ ni ó ń ru gbogbo ìyókù, òun náà ni a sì ń rántí wò kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ní ẹ̀ka ìjọ kan ní Òkè Ọya. Ìyá kan wà láàárín wa tí kì í pa ìsọ́ òru jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé ó fi àkísà wé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo bi í léèrè, ó ní ìṣó kékeré ni òun tẹ̀, pé kò tilẹ̀ dun òun rárá. Inú mi dùn pé kò dùn ún. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà, mo sì bá tèmi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òórùn ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà lábẹ́ àkísà náà. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dọ́kítà wí fún wa pé àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìjẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ mọ̀, àti pé egbò náà ti wọ inú egungun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ìyá náà wò mí lójú, ó ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ kò wo ẹsẹ̀ mi." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò ní etí mi títí di òní.

Èmi kì í ṣe dọ́kítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn dọ́kítà àti nọ́ọ̀sì láti ìgbà náà wá.

1. Àwọn àìsàn ẹsẹ̀ tí ó wọ́pọ̀

Èkíní ni gìgísẹ̀ tí ó là. Nígbà ọyẹ́, awọ gìgísẹ̀ a gbẹ, a sì nípọn. Nígbà tí gbogbo ara bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a là bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀ sílẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ fi ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ rọra fi òkúta ìhàsẹ̀ ha á, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òrí tàbí Vaseline pa á ní alálẹ́. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ń ṣọyún, ẹ lọ fi hàn nọ́ọ̀sì.

Èkejì ni àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tí ó ń bó, tí ó ń yún, tí ó sì ń rùn. Ohun tí ó fà á jẹ́ ìbátan èbu tí í hù lára àkàrà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀; ibi tí ó tutù tí ó sì ṣókùnkùn ni ó fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ nu àárín ọmọ-ìka gbogbo gbẹ, ẹ máa sá bàtà sí oòrùn, kí ẹ má sì yá ìbọ̀sẹ̀ ẹlòmíràn wọ̀. Apòògùn lè fún yín ní ìpara bíi clotrimazole. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyún bá dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí ẹ máa fi pa á fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí awọ ti dára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò padà wá.

Ẹ̀kẹta ni èékánná tí ó wọ inú ẹran, àti awọ tí ó le koko lórí ọmọ-ìka. Bàtà tí ó fún ni ó sábà ń bí àwọn méjèèjì. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ lọ gbọọrọ, ẹ má ṣe gé igun rẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ra bàtà, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàtà tí ó gba ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ lè fún un ní alẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣó, ẹ̀gún àti àfọ́kù ìgò. Ẹ fi omi tí ó mọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn burúkú tí í mú kí eyín ẹni pa dé kí ara sì le gan-an. Ẹ má ṣe da epo òyìnbó sí i, ẹ má sì fi eérú tàbí ìgbẹ́ màlúù dí i.

2. Ẹsẹ̀ tí kò dunni

Wàyí o, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ ń dunni tàbí ń yúnni, ìrora náà ni ó sì ń lé wa lọ gba ìwòsàn. Ìrora jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa kìlọ̀ fún wa. Ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá jù ni ẹsẹ̀ tí ó ní egbò tí kò sì dun ẹni tí ó ni ín.

Àtọ̀gbẹ ni ó ń fa èyí jù lóde òní. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, a máa ba àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí í gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, a sì máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ẹsẹ̀. Ẹni náà yóò tẹ ìṣó, kò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó wo ọgbẹ́ náà sàn kò sì ní dé ibẹ̀ tó. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ẹsẹ̀ a máa jó bí iná ní òru, tàbí kí ó dàbí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, bàtà a yọ lẹ́sẹ̀ ẹni láìmọ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, nísàlẹ̀ àti láàárín ọmọ-ìka ní alaalẹ́. Bí kò bá lè tẹ̀ ba, kí ó fi dígí wò ó, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó. Kí ó má ṣe yá iná ẹsẹ̀. Kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ó gbọn bàtà rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó má sì rìn láìwọ bàtà, àní nínú ilé pàápàá. Bí ó bá rí egbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ó dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Àpá tí ó pọ́n tàbí tí ó funfun ju ara ìyókù lọ, tí a bá fi òwú kàn án tí ẹni náà kò mọ̀, ó yẹ kí a fi í han dọ́kítà láìpẹ́. Ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ègún mọ́ o. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tí a ń lò fún oṣù 6 tàbí oṣù 12, láti ọdún 1995 ni a sì ti ń fi í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ará wa láti ìhà Ìlà-Oòrùn mọ orúkọ Ikoli Harcourt Whyte, tí ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìsìn ní èdè Ìgbò. Alárùn ẹ̀tẹ̀ ni ní ibùdó ìtọ́jú ní Uzuakoli. Ibẹ̀ ni a ti tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kó ẹgbẹ́ akọrin jọ.

3. "Ó ti tẹ nǹkan"

Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá wú, tàbí tí egbò rẹ̀ kò jiná, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ láàárín wa ni pé ó ti tẹ oògùn àwọn ọ̀tá. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti gé ẹsẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí a bá ń wá ọ̀tá kiri, egbò náà kì í dúró dè wá.

Jàbùtẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò rẹ̀ láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Ilẹ̀ Tógò, níbi tí a ní ará sí, pín oògùn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn lọ́dọọdún títí, ní ọdún 2017, ó di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sahara tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé ó ti ṣẹ́gun rẹ̀. Sòbìà ńkọ́? Àwọn àgbà wa rántí bí ó ti máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà ìkórè. Sísẹ́ omi mímu àti gbígbẹ́ kànga tí ó dára ni a fi lé e lọ, ní ọdún 2013 a sì kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ni ó ń rán an, asẹ́ kì bá tí lè dá a dúró.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ó gbóná tí ó sì ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó lọ. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń wú, ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín ni ó ń ké. Bí aboyún bá sì wú lẹ́sẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ sáré gbé e lọ.

4. Ọ̀ràn Ásà ọba

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń rántí Ásà. Nínú Kíróníkà Kejì, orí 16, a kà pé ní ọdún 39 ìjọba rẹ̀, àìsàn mú un ní ẹsẹ̀, ó sì tọ àwọn oníṣègùn lọ dípò Olúwa. Àwọn kan fi ibi yìí múlẹ̀ pé kí onígbàgbọ́ má ṣe dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ásà ti gbẹ́kẹ̀ lé ọba Síríà. Nígbà tí wòlíì Hánánì bá a wí, ó sọ ọ́ sínú túbú. Kíkọ̀ tí ó kọ Olúwa sílẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọkàn kan náà ni ó gbé wá sínú àìsàn. Nígbà tí Hesekíà ṣàìsàn ńkọ́? Ó gbàdúrà, Olúwa gbọ́, síbẹ̀ Aísáyà ní kí a mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà. Àdúrà àti ìtọ́jú wà nínú ilé kan náà, wọn kò sì jà.

5. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mo bẹ àwọn aṣojú kí wọ́n gbé nǹkan mẹ́ta yìí padà sí ẹ̀ka wọn. Èkíní, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà fún ìsìn, kí a máa gbá àgbàlá kí ó mọ́ lọ́wọ́ ìṣó àti àfọ́kù. Ibi tí Mósè dúró sí ni Ọlọ́run ti ní kí ó bọ́ bàtà, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Ẹni tí kò ní ìmọ̀lára lẹ́sẹ̀ mọ́, kí àwọn àgbà ìjọ gbà á láyè láti wọ bàtà rírọ̀ tí ó mọ́, tí kò wọ̀ rìn níta rí. Èkejì, ní ọjọ́ ìwẹsẹ̀, kí a máa pààrọ̀ omi àti aṣọ ìnusẹ̀ fún olúkúlùkù. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan nínú oṣù tí nọ́ọ̀sì tí ó wà láàárín wa yóò máa wo ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà, kí ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn sì wà níbẹ̀.

Ní alẹ́ tí a fi Olúwa wa hàn, ó di aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Ènìyàn kò lè wẹ ẹsẹ̀ láìwò ó. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bẹ láàyè, ó sì ń fi ẹsẹ̀ onígi wá sí ìsìn. Nígbàkigbà tí ẹnìkan bá wá sọ́dọ̀ mi nísinsìnyí fún àdúrà nítorí ọgbẹ́, mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ jókòó ná, ẹ tú u, kí n rí i." Lẹ́yìn náà ni a ó gbàdúrà, lẹ́yìn àdúrà a ó sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ.

Kí Olúwa pa ẹsẹ̀ yín mọ́. Àmín.