GBÍGBA ÀGBÀ ONÍMỌ̀ DÁTÀ SÍ ILÉ-IṢẸ́ TÍ Ó Ń DÀGBÀ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdún Ẹgbẹ́)

A bá àwọn ọmọ wa tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Èkó yọ̀. Paystack, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020, ti fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè yọrí níhìn-ín.

Bí a bá wí pé dátà, kì í ṣe èyí tí a ń rà sórí fóònù ni a ń sọ. Àkọsílẹ̀ ni: ẹni tí ó rajà, iye tí ó san, àti wákàtí tí ó san án. Iṣẹ́ onímọ̀ dátà ni láti kó wọn jọ láti ibi púpọ̀, kí ó ṣà wọ́n bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, kí ó sì tò wọ́n síbi tí ọ̀gá àti akọ̀wé owó yóò ti rí wọn lò.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Oníbàárà sanwó lẹ́ẹ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ẹ̀rọ sì tún fi àkọsílẹ̀ kan náà ránṣẹ́. Bí a bá ka méjèèjì, ilé-iṣẹ́ yóò máa ná owó tí kò sí lápò. Àgbà onímọ̀ yóò ti ṣètò tẹ́lẹ̀ pé bí ó tilẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹyọ kan ni a óò kà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́, ẹ má fi orúkọ irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Spark àti Kafka dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìpìlẹ̀ lè kọ́ wọn. Ẹ gbé ìṣòro gidi ka iwájú olùwáṣẹ́, kí ẹ sì fetí sí ìbéèrè tí yóò bi yín. Ẹni tí kò béèrè ohun tí a fẹ́ fi àkọsílẹ̀ ṣe kò tíì dàgbà nínú iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bí yóò ti pa àṣírí oníbàárà mọ́, nítorí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ ọ́ di dandan.

Ẹ sọ iye owó oṣù láìfi pamọ́. Àwọn ará òkè òkun ń gba irú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí láti ilé wọn, wọ́n sì ń san dọ́là. Bí ẹ kò bá lè san tó bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní àṣẹ lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa ìkẹyìn nìyí. Àwọn ọmọ wa jáde ìwé, wọn kò ríṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́, kò rí. Bí ẹ bá gba àgbà kan, ẹ fi ọmọ ìlú méjì sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, nípa ìdánwò, kì í ṣe nípa ojúsàájú. Bí àgbà náà bá lọ lọ́la, ìmọ̀ rẹ̀ yóò kù sílé.