Ẹ̀rù Ló Ń Bà Wá, Àwa La Ń Fọkàn Balẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn eléré-ìdárayá àti àwọn olùkọ́ wọn

      

Orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi ni ọkàn akin: irú ọkàn tí ó yẹ kí eléré àti olùkọ́ rẹ̀ ní nígbà tí ojú bá le. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa retí pé babaláwo yóò mú ohun tí a fi ń sín gbẹ́rẹ́ wá, tàbí ohun tí a ń so mọ́ ìbàdí. N kò mú èyíkéyìí wá. Ọ̀rọ̀ ni mo mú wá, nítorí pé iṣẹ́ mi méjèèjì, Ifá àti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n dúró lé.

N ó fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdíje rẹ̀ ku ọ̀la. Eré 400 mítà ni ó ń sá. Kò tíì rí oorun sùn fún òru mẹ́ta, oúnjẹ kò sì dúró nínú rẹ̀. Mo dá Ifá fún un, Ifá fọ ire. Mo ní kí ó máa lọ, mo ní ipò kìíní ti di tirẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Ifá ni ó sọ pé ire; èmi ni mo sọ pé ipò kìíní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sá eré tí ó yá ju gbogbo eyí tí ó ti ń sá láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ipò karùn-ún ni ó ṣe. Kò tilẹ̀ bèèrè ohun tí aago wí. Ohun tí ó rò ni pé, bí babaláwo bá ti ní òun yóò borí, tí òun kò sì borí, a jẹ́ pé orí òun ni kò gbà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sáré mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbà láti wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa. Nígbà tí ìjayà bá dé bá ènìyàn, kí ni Yorùbá máa ń wí? A máa ń ní, “ẹ̀rù bà mí,” “jìnnìjìnnì bò mí,” “ojora mú mi.” Nínú gbólóhùn wọ̀nyí, ẹ̀rù ni olùwà, jìnnìjìnnì ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Ẹ̀rù ni ó ṣe nǹkan, èmi ni a ṣe é sí. Mo mọ̀ pé a tún ní “mo bẹ̀rù,” ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sábà dúró láìsí ẹni tàbí ohun tí à ń bẹ̀rù. Ti ojijì, èyí tí ó ń gbá ènìyàn mú lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré, òun ni èdè wa ń pè ní ohun tí ó ti ìta wá bá wa.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. A ní, “mo fọkàn balẹ̀,” “mo mọ́kàn le,” “mo fara dà á,” “mo ṣe sùúrù.” Ènìyàn ti di olùwà. “Fi” tí ó wà nínú “mo fọkàn balẹ̀,” òun náà ni a ń lò nígbà tí a bá fi ọkọ́ ro oko, tí a bá fi ọ̀bẹ gé iṣu. Ọkàn jẹ́ ohun tí a lè mú lọ́wọ́, kí a gbé e sí ibi tí ó yẹ. Ó ti fò sókè bí ẹyẹ, ẹni tí ó ni ín ni yóò mú un bà sílẹ̀.

N kò sọ pé gírámà ni ó ń borí ìdíje. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè wa ti pín iṣẹ́ náà fún wa. Àlejò ni ẹ̀rù. A kì í bá ènìyàn wí nítorí pé àlejò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Iṣẹ́ ni ìfọkànbalẹ̀. Iṣẹ́ sì ni ohun tí a ń kọ́. Akin kọ́ ni ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá dé ni akin.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọ? Àkọ́kọ́, kí eléré mọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe. Bí ìdíje bá kù dẹ̀dẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, ẹnu á gbẹ, inú á máa ru. Ara ń pèsè agbára sílẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ sí iṣan ẹsẹ̀ àti apá. Ẹni tí ó bá ka àmì wọ̀nyí sí ibi, ìjayà kejì á gorí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá wí pé “ara mi ti ń múra” á rí agbára náà lò. Kí ó mí sínú láìkánjú, kí ó sì jẹ́ kí mímí síta pẹ́ ju mímí sínú lọ, ìlù ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ojú lé ohun kan ṣoṣo tí ó kàn: ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbá kan, ìfò kan. Ọjọ́ ìdánrawò ni a ń kọ́ èyí, kí ó tó di ọjọ́ ìdíje. Àwọn àgbà ní a kì í tojú ogun wẹ́fọ́n.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ta ọpọ́n ayò ní àgbàlá wa. Ilé 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kì í dákẹ́. Wọn á máa fi ọ̀ta ṣe yẹ̀yẹ́, wọn á máa kọrin bú òpè, wọn á máa pariwo pé ibi tí ó fẹ́ já kọ́ ni ó yẹ kí ó já. Ọ̀ta kò lé ẹnikẹ́ni. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń ka ọmọ ayò nínú ariwo, nítorí pé inú ariwo ni ó ti kọ́ ayò gan-an. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní gbígbá pẹ́nárítì nínú ìdákẹ́jẹ́ nìkan, ohun tí kò ní bá pàdé ni ẹ ń kọ́ ọ. Ẹ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n pariwo. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ kí ó tó gbá a.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe yóò wáyé, bó ti wù kí a múra tó. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Atlanta ní ọdún 1996, ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá, Brazil ti jẹ àmì ayò 3, Nàìjíríà ní 1. A rí pẹ́nárítì gbà. Okocha gbá a, ṣùgbọ́n Dida, aṣọ́lé Brazil, kò jẹ́ kí ó wọlé. Ìgbà mélòó ni a ti rí ikọ̀ tí irú èyí pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ. Ikpeba jẹ ọ̀kan, Kanu jẹ ọ̀kan nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán, ó tún jẹ ọ̀kan sí i ní àfikún àkókò. Nàìjíríà 4, Brazil 3. Ní àṣekágbá, a borí Argentina pẹ̀lú 3 sí 2, a sì gba wúrà.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A sábà máa ń fi òwe yìí yin àgbà. Lórí pápá, ẹ jẹ́ kí a yin ọmọdé. Nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, kí eléré tí ó ṣubú ṣe bí ọmọdé: kí ó dìde, kí ó wo iwájú. Nígbà tí eré bá parí, kí òun àti olùkọ́ rẹ̀ wá di àgbà: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wo ẹ̀yìn, kí wọ́n wá ohun tí ó gbé wọn ṣubú. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn láàárín eré á tún ṣubú. Ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn lẹ́yìn eré kò ní kọ́gbọ́n.

Ẹ wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú eré 100 mítà tí a ti ń fò kọjá igi 10, ipò kẹrin ni ó ṣe ní ìdíje àgbáyé ti Doha ní ọdún 2019. Ó tún ṣe ipò kẹrin ní Òlíńpíìkì ti Tokyo ní ọdún 2021. Ipò kẹrin ni ibi tí ó dun ènìyàn jù, nítorí pé ó ń wo àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn àwọn mẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Oregon, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Kò sí obìnrin tí ó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà ni ó gba wúrà. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní Òlíńpíìkì ti Paris ní ọdún 2024, kò dé àṣekágbá. Ní ọdún 2025, ó padà sí Tokyo, ó sì gba fàdákà níbi ìdíje àgbáyé. Bí orí rẹ̀ bá burú ní Paris, orí wo ni ó gbé lọ sí Tokyo?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi èsì eré ọjọ́ kan díwọ̀n orí ènìyàn. Ènìyàn 8 máa ń dúró lójú ìlà. Ẹnì kan ni yóò ṣe ipò kìíní. Orí àwọn 7 yòókù kò burú. Ifá kọ́ wa ní ìtàn kan pé gbogbo Orí péjọ láti gbìmọ̀ ire, wọn kò pe Ẹsẹ̀. Èṣù wò wọ́n, ó ní òun yóò rí bí èyí yóò ṣe yọrí. Ìjà ni ìpàdé náà tú sí. Ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ràn wọn tó di ohun tí ó ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ ni ìdánrawò, oorun, oúnjẹ, sùúrù. Ẹni tí ó ń wá oògùn tí òfin eré kọ̀, tàbí tí ó fẹ́ kí babaláwo bá òun sá eré, ìpàdé tí kò sí Ẹsẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín ni ó kù. Ẹnu yín ni ẹ̀rù máa ń gbà wọ inú ọmọ. Bí ẹ bá ní “má gbá a sókè,” gbígbá sókè ni ẹ ti yàwòrán rẹ̀ sí i lọ́kàn. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: “gbá a nílẹ̀, sí ọwọ́ òsì.” Ẹ má sì gbàgbé oríkì. Àjàní, Àlàbí, Àyìnké: ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó ni a ń fún ní oríkì wọ̀nyí. Kò tíì ṣe ohunkóhun, a ti ń kì í. Olùkọ́ tí ó ń yin eléré rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá borí nìkan ti sọ oríkì di owó iṣẹ́. Kí ọmọ mọ̀ pé iyì òun wà nílẹ̀ kí òun tó sáré, pé yóò sì wà nílẹ̀ nígbà tí òun bá padà dé. Ọmọ tí ó mọ èyí kò ní ẹrù méjì lórí. Eré nìkan ni yóò sá.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mi. Ire tí Ifá fọ̀ fún un ṣẹ: eré tí ó yá jù ní ayé rẹ̀ ni ó sá lọ́jọ́ náà. Ire náà wà lójú aago, ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gbé ipò kìíní dí i lójú tí kò fi rí i. Mo ti wá a lọ, mo ti bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó lọ kí ẹ tó fi aago hàn án.

Orí yín yóò gbè yín. Ẹsẹ̀ yín yóò bá orí yín pàdé. Nígbà tí ẹ̀rù bá kan ilẹ̀kùn, yóò bá ọkàn yín nílẹ̀. Àṣẹ.