Ẹ Má Ṣe Rọ Ọmọ Lóúnjẹ

Ìyá kan a tẹ́ ọmọ sórí itan, a di imú rẹ̀, a sì fi ọwọ́ rọ ọ́ lẹ́kọ. Ẹ̀kọ náà lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ó pa á. Bí kò pa á, ọmọ a máa bẹ̀rù oúnjẹ. Ìyá kejì a gbé abọ́ sílẹ̀, a bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ a rù. Ìyá kẹta a fi ṣíbí bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, a máa bá a sọ̀rọ̀, a sì dúró bí ó bá yíjú. Ọmọ tirẹ̀ a yó, a sì fọkàn tán ìyá rẹ̀. Bí ọmọ bá pé oṣù 6, ẹ ṣe bí ìyá kẹta, kí ọmú má sì dúró. Ọmọ tó bá kọ oúnjẹ, ẹ tètè gbé e wá. Ó lè jẹ́ àìsàn.